Bab Zuwayla: Ẹnubodè Káírò Tí Ó Ru Gogoro Ìpèrun Méjì



   

Ìtàn mọ́ṣáláṣí ilẹ̀ Yorùbá pọ̀, àwọn tí ó sì lè sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ jókòó láàrin wa. Èyí tí mo mú wá ti òkèèrè wá, láti ìlú Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì, ṣùgbọ́n ó kan ohun tí a torí rẹ̀ péjọ. Ẹnubodè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bab Zuwayla. Ọdún 1092 ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ti lé ní 900 ọdún báyìí, ó sì wà lórí ìdúró láàrin ìlú tí èrò inú rẹ̀ kò níye. Lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá: olùtajà, akẹ́kọ̀ọ́, alágbàrù, ìyá tí ó fa ọmọ lọ́wọ́. Ilé ìṣọ́ méjì ni ó ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, gogoro ìpèrun kọ̀ọ̀kan sì yọ lórí wọn. Gogoro méjèèjì jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí tí ó fara ti ẹnubodè náà nínú odi. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibi tí mọ́ṣáláṣí yẹn wà tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n kan ni ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ níbẹ̀, Ọlọ́hun sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Kí n tó dé orí ẹlẹ́wọ̀n náà, ẹ jẹ́ kí á mọ bí bodè ṣe dé ibẹ̀.

Ọdún 969 ni Jawhar, ọ̀gágun àwọn Fátímíyà, gba ilẹ̀ Íjíbítì fún ọ̀gá rẹ̀ al-Mu'izz, tí ó sì tẹ Káírò dó. Àwọn Fátímíyà kì í ṣe onísúnnà bíi tiwa, Ṣíà ni wọ́n. Mo sọ ọ́ kí àáfà kankan má baà bi mí léèrè lẹ́yìn ètò. Odi alámọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ yí ìlú náà ká. Lára àwọn ọmọ ogun wọn ni ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní Zuwayla, àwọn Bẹ́ríbẹ́rì láti Fezzan, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Líbíà lónìí. Ìhà gúúsù ni a fún wọn láti máa gbé, orúkọ wọn sì lẹ̀ mọ́ bodè ìhà ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà méjì ni bodè àkọ́kọ́ yẹn ní. Nígbà tí al-Mu'izz fúnra rẹ̀ wọ ìlú, ọ̀kan ni ó gbà wọlé, ni gbogbo ènìyàn bá ń rọ́ gba ibẹ̀, wọ́n pa èkejì tì, wọ́n ní ẹni tí ó bá gba ibẹ̀, ohun tí ó ń wá kò ní í bọ́ sí i. Báyìí ni ọmọ adáríhurun ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tí ó di àkókò Kálífà al-Mustansir, ìyàn mú ní Íjíbítì láti nǹkan bí ọdún 1065 títí di 1072. Odò Náílì kò kún bí ó ti yẹ, àwọn ọmọ ogun ń bá ara wọn jà, wọ́n ń kó ẹrù ààfin tà. Kálífà ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Akka ní etí òkun ilẹ̀ Ṣáámù, Badr al-Jamali, kí ó wá gba òun sílẹ̀. Ará Àméníà ni Badr, ẹrú ni wọ́n rà á kí ó tó di ọ̀gágun. Ó dé ní nǹkan bí ọdún 1074, ó fi ọwọ́ líle tún ìlú ṣe, ó sì di Wàsírì tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju Kálífà lọ. Òun ni ó sọ pé odi alámọ̀ kò tó. Láàrin ọdún 1087 sí 1092 ni ó mọ odi òkúta, tí ó sì kọ́ bodè mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù di òní: Bab al-Nasr àti Bab al-Futuh ní àríwá, Bab Zuwayla ní gúúsù. Al-Maqrizi, òpìtàn Káírò tí ó kú ní ọdún 1442, kọ ọ́ pé àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta láti ìlú Edessa ni wọ́n kọ́ bodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan sí ẹyọ kan.

Ẹni tí ó kọ́ Bab Zuwayla mọ iṣẹ́. Ó ṣe ilé ìṣọ́ rẹ̀ ní roboto, ó sì fi òkúta dí ìsàlẹ̀ wọn pinpin dé ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga wọn, kò sí yàrá níbẹ̀, kò sí ihò tí ọ̀tá lè gbẹ́. Igi ni ìlẹ̀kùn rẹ̀, irin ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n tẹ́ òkúta dídán síwájú rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹṣin ọ̀tá lè máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin onílé náà ni ó yọ̀ níkẹyìn: wọ́n ní ẹṣin Sultan al-Kamil ṣubú níbẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ni Sultan bá ní kí wọ́n wú òkúta náà kúrò.

Ní ọdún 1160, Wàsírì mìíràn, al-Salih Tala'i, kọ́ mọ́ṣáláṣí kan sí òdì-kejì ọ̀nà, ní ìta bodè gan-an. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo mọ́ṣáláṣí yìí dáadáa. Kò sí ní orí ilẹ̀. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀, wọ́n wá gbé mọ́ṣáláṣí ka orí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ó fẹ́ kírun ní láti gun àtẹ̀gùn kọjá àwọn tí ń tajà. Owó tí àwọn ayálégbé ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn ń san ni wọ́n fi ń tọ́jú ilé Ọlọ́hun tí ó wà lókè. Wọ́n ní nígbà tí Tala'i ń kú lọ ní ọdún 1161 (wọ́n ṣá a lọ́gbẹ́ ní ààfin ni), ó ní ọ̀kan nínú ohun tí òun kábàámọ̀ ni pé òun kọ́ mọ́ṣáláṣí náà sí ẹnu bodè, nítorí ọ̀tá lè sá sínú rẹ̀ kí ó máa ta ọfà sí ìlú. Kò kábàámọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ ìlú ti ga sí i láti ìgbà náà, àwọn ṣọ́ọ̀bù náà sì ti wà nísàlẹ̀ títì báyìí, bí ẹni pé wọ́n wà nínú kòtò, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí kò wó.

Ìdí tí mo fi dúró síbẹ̀ ni èyí. Ẹ ó rí i nínú àwòrán mọ́ṣáláṣí wa tí ó wà nínú ìwé ètò yìí pé a ya ṣọ́ọ̀bù sí ìhà títì. Ìkùnsínú wà lórí rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ní àwọn kò ní í dá owó fún ọjà, ilé Ọlọ́hun ni àwọn fẹ́ kọ́. N kò bá wọn jà, ìfẹ́ ẹ̀sìn ni ó mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe, kí á tó pinnu.

Ẹnubodè náà rí ohun púpọ̀ tí kò jẹ mọ́ ìrun. Ní ọdún 1260, Hulagu ọba àwọn Mọ̀ngólì, ẹni tí ó ti pa Baghdad run ní ọdún 1258, rán oníṣẹ́ sí Sultan Qutuz ní Káírò pé kí ó wá foríbalẹ̀. Qutuz pa àwọn oníṣẹ́ náà, ó sì gbé orí wọn kọ́ sí Bab Zuwayla. Pípa oníṣẹ́ kò sí nínú ìṣe Ànábì, mi ò sì ní í gbè é lẹ́yìn lórí èyí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 3 oṣù September ọdún yẹn, òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣẹ́gun àwọn Mọ̀ngólì ní Ayn Jalut, ní ilẹ̀ Palẹ́sítáínì, Káírò sì bọ́. Ní oṣù April ọdún 1517, nígbà tí àwọn Ọ́tómánì gba Íjíbítì, abẹ́ ẹnubodè yìí kan náà ni wọ́n so Tuman Bay, Sultan Mámúlúkù tí ó kẹ́yìn, rọ̀ sí. Ó ní kí àwọn ará ìlú ka Fátíhà fún òun. Okùn já lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kú.

Ó rí ayọ̀ náà. Nígbà ayé àwọn Mámúlúkù, nígbà tí àwọn oníhájì bá ń lọ sí Mẹ́kà, tí ràkúnmí tí ó ru àgọ́ ọlọ́ṣọ̀ọ́ ti Sultan ń bẹ níwájú, abẹ́ bodè yìí ni wọ́n ń gbà. Àwọn ará ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú ń gba Káírò lọ sí Hájì. Ọdún 1324 ni Mansa Musa ọba Mali dé Káírò pẹ̀lú wúrà tí ìròyìn rẹ̀ kò tíì parẹ́, ẹnubodè náà sì ti pé 232 ọdún nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ Mali yẹn náà ni ó wà nínú "Ìmàle" tí àwọn bàbá wa ń pe ẹ̀sìn wa. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Káírò, kì í ṣe ilé àjèjì ni a ń yọjú sí. Yunifásítì Al-Azhar, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń kàwé, kò jìnnà sí ẹnubodè yìí, ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi rìn ín.

Ó wá di orí ẹlẹ́wọ̀n wa. Shaykh ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Sẹ̀kásíà ni, láti orí òkè Kọ́kásọ́ọ̀sì. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un wá sí Káírò tà, Sultan Barquq ni ó rà á. Báyìí ni àwọn Mámúlúkù ṣe ń ṣe: wọ́n á ra ọmọ ní ẹrú, wọ́n á kọ́ ọ ní Kùránì àti ogun jíjà, wọ́n á dá a sílẹ̀, ó sì lè di ìjòyè. Shaykh di ìjòyè. Ṣùgbọ́n ayé àwọn ìjòyè wọ̀nyẹn kò ní ìsinmi. Ẹni tí ó jókòó sórí àga lónìí lè wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́la. Nínú ìjà agbára wọn ni wọ́n ju Shaykh sí ẹ̀wọ̀n kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bab Zuwayla, èyí tí wọ́n ń pè ní Khizanat Shama'il. Nínú gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n Káírò, òun ni ó burú jù. Iná àti eégbọn bò ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kò rí oorun sùn. Ní òru ìnira yẹn ni ó bá Ọlọ́hun dá májẹ̀mú pé bí Ó bá yọ òun, tí Ó sì fi òun jọba, òun yóò wó ibi ègbin yìí, òun yóò sì kọ́ ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀jẹ́ inú ìnira kì í ṣòro láti jẹ́. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ó fẹ́ dànù ń jẹ́ ẹ, aláìsàn ń jẹ́ ẹ, ẹni tí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ ní kóòtù ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí ara bá dẹ̀ tán ni a óò tó mọ ẹni tí yóò rántí. Ọdún 1412 ni Shaykh jọba, tí ó gba orúkọ al-Mu'ayyad. Ní ọdún 1415 ó wó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lórí oyè ni ó fi pẹ́ kí ó tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ogun àti ọ̀tẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbádùn, mo sì gbà pé kò pẹ́ jù.

Ibi tí ó fẹ́ gbé gogoro ìpèrun sí ni ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Kò kọ́ ọ láti ilẹ̀. Ilé ìṣọ́ méjèèjì ti Badr al-Jamali ni ó lò ní ìpìlẹ̀, ó sì gbé gogoro lé wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ fún ogun ní nǹkan bí 320 ọdún ṣáájú wá di ibi tí ládàánì ń dúró sí pe ènìyàn wá kírun.

Wàhálà sì dé. Ní ọdún 1418, kí iṣẹ́ tó parí, ọ̀kan nínú gogoro náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn oníṣẹ́ wò ó, wọ́n ní kò sí ohun tí a lè ṣe sí i ju kí a tú u palẹ̀. Wọ́n ti ẹnubodè pa fún 30 ọjọ́, kò sí ẹni tí ó gba abẹ́ rẹ̀, nítorí òkúta ń já bọ́. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Káírò dó. Ẹ lè mọ bí ìlú yóò ti ṣe gbọ̀ọ́rọ̀ tó: mọ́ṣáláṣí ọba, mọ́ṣáláṣí ẹ̀jẹ́, ni gogoro rẹ̀ ń wó.

Ní àkókò yẹn, àáfà ńlá méjì wà ní Káírò tí kò sí àáfà kan nínú ìjọ wa tí kò gbọ́ orúkọ wọn. Ọ̀kan ni Ibn Hajar al-Asqalani, èkejì ni Badr al-Din al-Ayni. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣe àlàyé Sahih Bukhari, Ibn Hajar kọ Fath al-Bari, al-Ayni kọ Umdat al-Qari, ìwé méjèèjì ni wọ́n sì ń kà títí di òní. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ràn ara wọn púpọ̀. Ìtumọ̀ "ayn" ni ojú, ìtumọ̀ "hajar" sì ni òkúta. Ni Ibn Hajar bá ké ewì pé ojú ni ó kọlu gogoro náà tí ó fi fì, gbogbo ènìyàn sì mọ "ojú" tí ó ń bá wí. Èsì padà láti ìhà al-Ayni pé ojú kò mọ nǹkan kan níbẹ̀, òkúta tí kò dára ni. Ìlú rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí mo bá rí àáfà méjì tí wọn kò kí ara wọn. Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí, kò sì dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ Ọlọ́hun, nítorí àwọn méjèèjì náà ni wọ́n padà wá kọ́ni ní mọ́ṣáláṣí al-Mu'ayyad kan náà, Ibn Hajar ní ẹ̀kọ́ òfin ti Ṣáfíì, al-Ayni ní ẹ̀kọ́ hádíìsì.

Wọ́n tún gogoro náà kọ́. Ẹni tí ó kọ́ ọ fi orúkọ rẹ̀ sí ara rẹ̀, Muhammad ibn al-Qazzaz, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀lé ìgbà náà kì í sábà ṣe. Bóyá ó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ti òun kò ní í fì. Kò sì fì.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ wáyé níbẹ̀ ní ọdún 1419 nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Al-Mu'ayyad kú ní oṣù January ọdún 1421, iṣẹ́ kò tíì parí, wọ́n sì sin ín síbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ rí. Gọ́ńgọ́ òrùlé méjì ni ó wà nínú ètò, ẹyọ kan ni wọ́n rí kọ́ tán.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ẹnu àwọn òpìtàn kò dákẹ́ lórí rẹ̀, n kò sì ní í fi bò. Ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí al-Mu'ayyad, èyí tí a fi idẹ bò tí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ dára dé góńgó, wọn kò ṣe é fún un. Mọ́ṣáláṣí Sultan Hasan ni ó ti wá, ilé ńlá tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 60 ọdún ṣáájú. Al-Mu'ayyad mú ìlẹ̀kùn náà àti fìtílà ńlá kan níbẹ̀, ó sì san 500 dínárì. Ó san owó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó náà kéré sí ohun tí ó gbà, àti pé ohun tí a bá ti yà sọ́tọ̀ fún mọ́ṣáláṣí kan, ta ni ó ní àṣẹ láti tà á? Ta ni yóò sì sọ fún Sultan pé òun kò tà? Wọ́n tún ṣa òkúta mábù láti ilé onílé kiri fún iṣẹ́ náà. Títí di òní, ẹni tí ó bá wọ mọ́ṣáláṣí ẹ̀jẹ́ yẹn, ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí ẹlòmíràn ni yóò gbà wọlé. Mo sọ èyí ní iwájú àwọn ìgbìmọ̀ wa nítorí a ń gba ẹ̀bùn lónìí: sìmẹ́ńtì, irin, pákó, ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kí á máa bi ara wa pé níbo ni ó ti wá.

Ọ̀rọ̀ waqf ni ó wà nídìí ẹjọ́ ìlẹ̀kùn yẹn, òun náà ni ó sì wà nídìí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ohun-ìní tí ènìyàn bá yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́hun ni à ń pè bẹ́ẹ̀: a kò lè tà á, a kò lè fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, àwọn ọmọ kò lè jogún rẹ̀, èrè rẹ̀ nìkan ni a óò máa ná sí ojú iṣẹ́ tí a yà á sí. Sáyídínà Umar ní ilẹ̀ kan ní Khaybar tí ó fẹ́ràn, ó bi Ànábì bí òun ó ti ṣe é, Ànábì sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó so ilẹ̀ náà rọ̀, kí ó sì máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. Láti ibẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí ti gbé e. Ní Káírò, bí ọba tàbí olówó bá kọ́ mọ́ṣáláṣí, yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ilé gbígbé, ilé èrò, ilé ìwẹ̀, tàbí kí ó ya oko sọ́tọ̀ tì í. Owó ilé ni wọ́n fi ń san ti lémọ́ọ̀mù, ládàánì, olùkọ́, agbálẹ̀, òróró àtùpà, ẹní àti omi àlùwàlá. Wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á yan alábòójútó. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tí ó kọ́ ọ bá kú, tí ìjọba rẹ̀ bá bàjẹ́, mọ́ṣáláṣí kò ní í máa gba sàráà lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ kí iná tó tàn.

Èyí tí ó wú mi lórí jù nítòsí Bab Zuwayla kì í ṣe ti ọba. Bí ènìyàn bá ti gba abẹ́ ẹnubodè wọlé, kò ní í rìn jìnnà tí yóò fi kan ilé kan tí ògiri iwájú rẹ̀ yí gbagidi, tí ojú fèrèsé onídẹ wà lára rẹ̀. Obìnrin ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1796, Nafisa al-Bayda. Ẹrú ni wọ́n ra òun náà, ó di òmìnira, ó fẹ́ Ali Bey al-Kabir, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ó fẹ́ Murad Bey, ó sì ṣòwò tí ó fi di olówó fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé náà, ibi tí a ti ń bu omi mu lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ń kọjá ni. Òkè rẹ̀, ilé kéwú fún àwọn ọmọdé ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ́ ilé èrò àwọn oníṣòwò àti ilé ìwẹ̀, owó tí ó ń ti ibẹ̀ wọlé ni ó ń gbọ́ ti omi àti ti kéwú. Ẹ̀yin ìyá wa ẹgbẹ́ Àlásàlátù, ẹ ka ọ̀rọ̀ Nafisa yìí dáadáa. Kò dúró de ọkọ.

Ẹrú ni Badr tí ó kọ́ ẹnubodè, ẹrú ni al-Mu'ayyad tí ó gbé gogoro lé e lórí, ẹrú ni Nafisa tí ó bu omi fún ẹni tí ń gba abẹ́ rẹ̀. Ọlọ́hun ni ó ń gbé ẹni tí Ó bá fẹ́ ga.

Láìka gbogbo èyí sí, nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1830 síwájú, tí òyìnbó Edward William Lane ń gbé Káírò, ohun tí ó rí tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní ẹnubodè yìí kò dára létí. Wọ́n gbà pé wòlíì kan tí wọ́n ń pè ní Mutawalli ń dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí orí ń fọ́ yóò kan ìṣó mọ́ ìlẹ̀kùn náà. Ẹni tí eyín ń dùn yóò yọ eyín, yóò tì í bọ ihò ara rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, omiran wà ní òdì-kejì, ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń bẹ̀! Àwọn tí ó ń ṣe báyìí kò jìnnà sí wa náà, ẹ jẹ́ kí á fi í síbẹ̀.

Mọ́ṣáláṣí al-Mu'ayyad fúnra rẹ̀ bàjẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ti gba àbójútó waqf lọ́wọ́ àwọn alábòójútó tí ó wà tẹ́lẹ̀, tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé mọ́. Apá kan nínú rẹ̀ wó, wọ́n sì tún un kọ́ ní ìkẹyìn sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ọdún 1881 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Íjíbítì fún títọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ti Ìsìláàmù, ìgbìmọ̀ náà sì ṣiṣẹ́ lórí gogoro méjèèjì àti lórí mọ́ṣáláṣí Tala'i. Ọdún 1979 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ Káírò àtijọ́ sínú ìwé ogún gbogbo ayé. Láàrin ọdún 1998 sí 2003, American Research Center in Egypt pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Íjíbítì tún ẹnubodè náà ṣe. Ilẹ̀ ti ga bo ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti pẹ́ tí kò ti ṣeé ṣí tàbí tì. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n wá ibi tí ó ti ń yí kàn.

Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ lónìí lè gun àtẹ̀gùn dé orí ẹnubodè, kí ó sì tún gun gogoro ìpèrun tí ó wà lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti rí ọ̀nà tóóró tí ó lọ sí àríwá, àti mọ́ṣáláṣí Tala'i nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó ru ú. Tí ó bá kọjú sí gúúsù, yóò rí ọjà kan tí wọ́n fi òrùlé bò, èyí tí Radwan Bey kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1650. Àwọn aránṣọ àgọ́ ni wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ká ẹsẹ̀ kò sórí pèpéle inú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ lé aṣọ aláràbarà mọ́ ara wọn, tí ládàánì bá sì pèrun, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ náà kí ibi tí wọ́n bá a dé má baà sọnù, wọ́n á sì dìde.